Àpò Inú Ṣòkòtò Lìásù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun àsárì,
Lìásù tó ń ta oúnjẹ ẹja ní Pápá wọ ṣọ́ọ̀bù mi,
ó ní kí n rán Kúbúrà níṣẹ́ díẹ̀.
Mo ní kó lọ ra òwú dúdú wá,
bẹ́ẹ̀ òwú dúdú ń bẹ lọ́wọ́ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ó tú táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.
Ó kéré. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn: ó mà kéré o.
Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àti ìka.
Ó dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó ń rùn bí epo tí mo ń kán sẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mẹ́ta ni wọ́n kó síwájú mi.
Èkíní ń dán, owó rẹ̀ tó màlúù méjì.
Èkejì, àgbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́, ọ̀pọ̀ ni,
ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á gan-an
ń takété sí i bó ṣe ń yìn ín.
Ẹ̀kẹta yìí ni àpò mi ká.
Ó wá ku àpò tí yóò gbé e."

Mo bi í léèrè ìwé àṣẹ.
Ó gbójú sókè, ó wo fáànù tí kò yí.

Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà Èjìnrìn:
owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù, títí kan bàtà ẹsẹ̀.
Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀.
Èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ló sọ fún mi lọ́jọ́ náà:
ọmọdé kan ló bọ́ bàtà ọ̀hún lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀,
ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá."
Lìásù ní ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí òun sùn,
kì í ṣe owó.

Mo fa téèpù yọ,
téèpù tí mo fi ń wọn àyà ìyàwó tuntun
àti èjìká ọmọ iléèwé,
mo nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà.
Ínǹṣì mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ìbú rẹ̀, ọ̀kan.
Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, n kò mọ ohun tí n ó pè é.
Mo kọ "ẹja".

Ó wá ku ibi tí àpò yóò wà.
Ìbàdí òsì? Ibẹ̀ ni Àmídá, àbíkẹ́yìn rẹ̀,
máa ń sáré wá rọ̀ mọ́ tó bá gbúròó ọ̀kadà.
Ọ̀tún? Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ti gba ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.
Ẹ̀yìn? Ó máa ń sùn lórí àga lọ́sàn-án.
Iwájú, lábẹ́ ìdodo?
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Nígbà náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú.

Àwọn àgbà ní ìbọn lápátí, kò lápátí,
ta ni yóò jẹ́ ká dojú rẹ̀ kọ òun?
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin yìí
tó fẹ́ sanwó kó lè máa dojú rẹ̀ kọ itan ara rẹ̀,
kó máa bá a jẹun,
kó máa bá a forí balẹ̀ lórí ẹní ìrun.

Ó fi ṣòkòtò kákí sílẹ̀, ó fi àsansílẹ̀ lé e.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i. Ìyẹn náà ni mo ṣe.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Kúbúrà ṣí ìwé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹja wo lẹ kọ síbí?"
Mo ní kó lọ gbálẹ̀.

Lánàá, Lìásù tún yà wá béèrè ṣòkòtò.
Mo ní, "Kò sí iná, ará mi. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí iná."
Ó gbójú sókè,
ó wo fáànù tó ń yí lórí wa, tó ń fẹ́ èékú aṣọ kiri ilẹ̀,
ó wò ó pẹ́.
Ó ní kò burú.
Ó ní òun á padà wá.